Bí Ilẹ̀ Bá Mì, Ta Ni Yóò Ra Ẹ̀rọ Òṣìṣẹ́ Padà?



Nígbàkígbà tí àjálù bá ṣẹlẹ̀ láyé, ohun méjì ni àwọn oníròyìn kọ́kọ́ máa ń kà: iye òkú àti iye ilé tí ó wó. Kò burú, nítorí ẹ̀mí kò láàrọ̀, ilé sì ni ìbòrí ènìyàn. Ṣùgbọ́n ohun kẹta wà tí a kì í sábà kà. Òun ni irinṣẹ́: ẹ̀rọ léètì, ẹ̀rọ tí a fi ń lu irin, ẹ̀rọ ìránbàtà, fáìsì, àti ọ̀bẹ ìgéwọ tí oníṣẹ́ ọwọ́ fi ń jẹun nínú ilé ara rẹ̀.

Èrò tí mo fẹ́ gbé kalẹ̀ nínú ìwé yìí kò lọ́jú pọ̀. Fún ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé tí ó ń gbé, ìmìtìtì ilẹ̀ kan ṣoṣo lè gba ilé àti oúnjẹ rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Òfin tí ó bá tọ́jú ilé tí kò tọ́jú irinṣẹ́, ìdajì ènìyàn ni ó gbà là. Iṣẹ́ àwa ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ni láti jà fún ìdajì kejì.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ NÍ KOBE

Ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ náà lé orí ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀ gan-an. Ní aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú 46 ní ìdájí ọjọ́ 17, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1995, ilẹ̀ mì ní ìlú Kobe àti agbègbè rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Jàpáànì. Mímì náà kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 20 lọ. Síbẹ̀, ènìyàn 6,434 ni ó bá a lọ. Ilé tí ó wó pátápátá ju 100,000 lọ, èyí tí ó wó dé ìdajì sì ju 140,000 lọ. Iná jó nǹkan bí ilé 7,000 di eérú. Ọ̀nà márosẹ̀ tí a gbé sórí òpó ṣubú lulẹ̀, èbúté ńlá ìlú náà sì bàjẹ́. Gbogbo ayé ni ó rí àwòrán wọ̀nyí nínú tẹlifíṣọ̀n.

Ohun tí àwòrán kò lè fi hàn ni irú iṣẹ́ tí ó ń lọ lábẹ́ àwọn òrùlé tí iná jó ní Nagata. Ìhà ìwọ̀-oòrùn Kobe ni Nagata wà, àdúgbò òṣìṣẹ́ ni, kì í ṣe ti ọlọ́lá. Ibẹ̀ ni a mọ̀ jù lọ ní Jàpáànì fún iṣẹ́ bàtà tí a fi awọ àtọwọ́dá ṣe. Iṣẹ́ náà kò sí nínú ilé-iṣẹ́ ńlá kan ṣoṣo. A pín in káàkiri inú ilé àti ọ̀ọ̀dẹ̀. Ìdílé kan ń gé awọ, òmíràn ń fá etí awọ náà kí ó lè rọ̀ fún abẹ́rẹ́, àwọn obìnrin ń rán ojú bàtà nínú ilé wọn, ẹlòmíràn ń fi gọ́ọ̀mù lẹ àtẹ́lẹsẹ̀ mọ́ ọn, ẹlòmíràn sì ń kó o sínú páálí. Iye ẹyọ tí ènìyàn bá ṣe ni a fi ń ṣírò owó rẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ìran àwọn ará Kòríà tí ó ti pẹ́ ní Jàpáànì, àwọn mìíràn sì jẹ́ ará Vietnam tí ó sá kúrò ní ilẹ̀ wọn wá wá ibi ìsádi. Yàtọ̀ sí bàtà, àwọn oníléètì tí ń gé irin fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá wà níbẹ̀ pẹ̀lú, baba àti ọmọ nínú yàrá kan, ẹ̀rọ méjì tàbí mẹ́ta.

Ẹni tí ó bá ti dé Aba níbi tí a ti ń ṣe bàtà, tàbí tí ó mọ àwọn oníṣẹ́ awọ Kano, tàbí tí ó ti rí ẹni tí ń fi léètì ṣe ẹ̀yà ara mọ́tò lẹ́yìnkùlé ilé rẹ̀, yóò mọ̀ pé Nagata kò jìnnà sí wa. Orúkọ àdúgbò nìkan ni ó yàtọ̀.

ILÉ-IṢẸ́ TÍ KÌ Í TÌ

Ènìyàn lè sọ pé ó sàn tí ilẹ̀ mì ní ìdájí, nítorí pé àwọn òṣìṣẹ́ kò tíì dé ìdí ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ náà rí bẹ́ẹ̀ fún òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá. Ẹ̀rọ rẹ̀ dúró ní ibòmíràn, òun alára sì wà lórí ibùsùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ nílé kò ní ibi tí yóò fi ẹ̀rọ rẹ̀ sí lálẹ́. Ó sùn tì í, tàbí ó sùn lókè rẹ̀. Ilé onípákó ni púpọ̀ nínú àwọn ilé àtijọ́ Nagata, amọ̀ sísun tí ó wúwo ni a fi bo orí wọn. Nígbà tí òpó ìsàlẹ̀ yẹ̀, òrùlé wálẹ̀ lé gbogbo ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Nínú ènìyàn mẹ́wàá tí ó kú ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ó ju mẹ́jọ lọ tí ó jẹ́ pé ilé tàbí ẹrù inú ilé ni ó wó pa wọ́n.

Àwọn baba wa sọ pé ohun tí ó bá ojú, ó bá imú. Bí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ilé ṣe rí gan-an nìyẹn. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ ńlá bá wó, òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ní ilé tí yóò padà sí. Nígbà tí ilé rẹ̀ bá wó, ó ní ibi iṣẹ́ tí yóò ti máa gba owó tí yóò fi kọ́ òmíràn. Òṣìṣẹ́ ilé kò ní ìkejì. Ilé wó, iṣẹ́ wó, iṣẹ́ tí oníbàárà gbé fún un wà lábẹ́ àlàpà, awọ tí ó rà láwìn sì ti jóná.

OHUN TÍ MÍMÌ Ń ṢE SÍ Ẹ̀RỌ

Ó yẹ kí a mọ ibi tí ewu wà, nítorí ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ni ilẹ̀ mímì ń bà jẹ́ lọ́nà kan náà.

Ẹ̀rọ olórí wúwo ni ó kọ́kọ́ ń ṣubú. Ẹ wo ẹ̀rọ tí a fi ń lu irin: òpó kan ni ó gbé e dúró, mọ́tò àti orí rẹ̀ wà lókè, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kéré. Bí a kò bá fi bóòtì dè é mọ́ ilẹ̀ tàbí mọ́ tábìlì tí ó lágbára, ìjì ilẹ̀ kékeré ti tó láti dojú rẹ̀ bolẹ̀. Ẹni tí ó bá wà níwájú rẹ̀ wọ gàù.

Ẹ̀rọ léètì kì í tètè ṣubú, nítorí ó wúwo, ó sì gùn. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń rìn. Bí ilẹ̀ bá ń lọ tí ó ń bọ̀ lábẹ́ rẹ̀, yóò sún kúrò ní àyè rẹ̀, yóò fa wáyà rẹ̀ já, yóò sì ti ohun tí ó wà nítòsí mọ́ ògiri. Àdánù rẹ̀ tí ó le jù kì í hàn sí ojú. Léètì tí ó dúró lórí ilẹ̀ tí ó ti dagun yóò lọ́ díẹ̀ ní ara, bóyá ìwọ̀n tí kò nípọn tó bébà. Olúwa rẹ̀ yóò wò ó, yóò dúpẹ́ pé kò ṣe é ní nǹkan, yóò tan iná sí i, yóò sì gé irin. Irin náà yóò tóbi ní ìpẹ̀kun kan ju èkejì lọ. Ọjọ́ tí oníbàárà bá dá iṣẹ́ padà ni yóò tó mọ̀. Nítorí náà, lẹ́yìn ìmìtìtì, a gbọ́dọ̀ tún ìdúró léètì wọ̀n kí a tó fi ṣe iṣẹ́ ẹnikẹ́ni.

Pẹpẹ ni ewu kẹta. Oníṣẹ́ irin fẹ́ràn láti kó ohun wúwo sókè kí ilẹ̀ lè gbà á: ẹ̀yà ẹ̀rọ, ọ̀pá irin, àpótí bóòtì. Òru ọjọ́ tí ilẹ̀ bá mì, òjò irin ni yóò rọ̀ láti orí pẹpẹ náà. Ewu kẹrin ni sílíńdà gáàsì àwọn tí ń jó irin. Sílíńdà tí a kò so mọ́ ògiri yóò ṣubú. Bí orí rẹ̀ bá ṣẹ́, agbára afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ yóò tì í jáde bí ọta ìbọn, kò sì sí ògiri pákó tí yóò dá a dúró.

Ewu karùn-ún ni ó jó Nagata run. Gọ́ọ̀mù ìlẹ̀bàtà àti omi tí a fi ń yọ́ ọ jẹ́ ohun tí ń gba iná kíákíá. Mímì náà da agolo wọn nù, ó fọ́ páìpù gáàsì, ó já wáyà, ó sì fọ́ páìpù omi débi pé àwọn panápaná kò rí omi fà. Nígbà tí a wá ìdí àwọn iná náà, a rí ìdí 139. Nínú wọn, 85 ni ó ti ọ̀dọ̀ iná mànàmáná wá. Lára àwọn wọ̀nyí ni iná tí ó bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a dá iná mànàmáná padà sí àwọn ilé tí àwọn onílé ti sá kúrò nínú wọn, tí wọn kò sì rántí pa súwíìṣì ńlá. Iná padà dé, ó bá wáyà tí ó bó àti gáàsì tí ó ń jò, ó sì parí ohun tí ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Àwa tí a wà ní Nàìjíríà mọ bí ó ti rí kí iná mànàmáná lọ kí ó sì padà dé láìròtẹ́lẹ̀. Ẹ̀kọ́ yìí kan wa lójoojúmọ́, yálà ilẹ̀ mì tàbí kò mì.

ẸWỌ̀N TÍ Ó JÁ

Ẹ jẹ́ kí a gbà pé ìdílé kan ríran là, ẹ̀rọ ìránbàtà wọn sì yè. Ṣé wọ́n lè padà sẹ́nu iṣẹ́? Kò dájú. Ẹni tí ń gé awọ fún wọn ti sọ ẹ̀rọ rẹ̀ nù, ẹni tí ń lẹ àtẹ́lẹsẹ̀ ti sá lọ sí ibùdó ní ìlú mìíràn, oníṣòwò tí ń gbé iṣẹ́ wá kò sì lè dúró. Iṣẹ́ tí a pín sí ọwọ́ púpọ̀ dà bí ẹ̀wọ̀n. Bí ojú kan bá já, gbogbo rẹ̀ ni kò wúlò mọ́. Lẹ́yìn ọdún 1995, bàtà olówó pọ́ọ́kú láti Ṣáínà ti ń wọ ọjà Jàpáànì lọ́pọ̀, àwọn oníbàárà kò sì ní sùúrù títí a ó fi tún Nagata kọ́.

Láàrin gbogbo èyí, àwọn tí ìyà jẹ jù ni àwọn obìnrin tí ń rán ojú bàtà nílé. Òfin Jàpáànì mọ̀ wọ́n. Òfin kan tí a ṣe ní ọdún 1970 sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ tí a ń gbé ṣe nínú ilé àti owó tí ó kéré jù lórí ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n a kò kà wọ́n sí òṣìṣẹ́ tí a gbà sẹ́nu iṣẹ́, nítorí náà wọn kò sí lábẹ́ ètò owó ìrànwọ́ fún ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá tí ibi iṣẹ́ rẹ̀ wó ní ibi tí yóò ti gba owó fún ìgbà díẹ̀. Obìnrin tí ó ń rán ojú bàtà kan náà nínú ilé rẹ̀ kò ní.

ÌBUWỌ́LÙWÉ MÍLÍỌ̀NÙ 25

Nígbà tí àwọn tí àjálù bá bèèrè ìrànwọ́ láti tún ayé wọn ṣe, èsì ìjọba ni pé owó ìlú kò lè tún ohun ìní aládàáni ṣe. A ó kọ́ ọ̀nà, a ó kọ́ èbúté, a ó fún yín ní ibùgbé onígbà díẹ̀, a ó sì yá yín lówó. Ẹni tí ó ṣì ń san gbèsè ẹ̀rọ tí ó ti jóná wá yá owó láti ra ẹ̀rọ mìíràn, ó sì di onígbèsè lẹ́ẹ̀mejì: ó ń san owó ẹ̀rọ tí ó ń lò, ó sì ń san owó ẹ̀rọ tí ó ti di eérú.

Àwọn ènìyàn kò gbà. Òǹkọ̀wé kan tí a ń pè ní Makoto Oda, tí ìmìtìtì náà bá ní ilé rẹ̀ ní Nishinomiya lẹ́bàá Kobe, gbé ohùn sókè pé kí àwọn ará ìlú kọ òfin fúnra wọn. Lápá kejì, àpapọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ Rengo, àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, àti Zenrosai tí í ṣe ẹgbẹ́ adójútòfò tí àwọn òṣìṣẹ́ dá sílẹ̀ fúnra wọn, kó ìbuwọ́lùwé jọ káàkiri orílẹ̀-èdè náà. Ìbuwọ́lùwé náà tó nǹkan bí mílíọ̀nù 25. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1998, ilé aṣòfin Jàpáànì ṣe òfin tí ó fún ìdílé tí àjálù ba ilé rẹ̀ jẹ́ ní owó tí kò ní san padà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, owó náà kò lè ju mílíọ̀nù kan yen lọ. Ní ọdún 2004, a gbé e dé mílíọ̀nù mẹ́ta. Ní ọdún 2007, a tún òfin náà ṣe kí wọ́n lè fi owó náà kọ́ ilé gan-an.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàkíyèsí ohun méjì. Èkínní, kì í ṣe àánú ìjọba ni ó mú òfin yìí wá. Àwọn òṣìṣẹ́ àti ará ìlú ni ó rìn láti ojúlé dé ojúlé pẹ̀lú bébà àti kálámù. Èkejì ni pé òfin náà wo ilé, kò wo ẹ̀rọ. Bí ilé bá wó, ìdílé gba owó. Bí ilé bá dúró tí léètì àti ẹ̀rọ ìránbàtà sì bàjẹ́, òfin náà kò ní ohun tí yóò sọ.

Lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ àti omi òkun tí ó kọlu ìhà àríwá ìlà-oòrùn Jàpáànì ní ọjọ́ 11, oṣù kẹta, ọdún 2011, ìjọba gbé ìgbésẹ̀ tí wọn kò gbé fún Kobe. Wọ́n dá ètò kan sílẹ̀ tí ó lè san mẹ́ta nínú mẹ́rin owó tí àwọn oníṣẹ́ kéékèèké yóò fi tún ilé-iṣẹ́ àti ẹ̀rọ wọn ṣe. Ṣùgbọ́n ètò náà ní gbèdéke kan: ẹnì kan kò lè bèèrè fún un lóun nìkan. Àwọn oníṣẹ́ gbọ́dọ̀ kó ara wọn jọ sí ẹgbẹ́, kí wọ́n sì gbé ètò kan ṣoṣo wá. Ẹni tí ó wà nínú ẹgbẹ́ rí ẹ̀rọ gbà. Ẹni tí ó dá wà kò rí nǹkan kan níbẹ̀.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, bí a bá wá ẹ̀rí tí ó dára ju èyí lọ pé àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà, a kò ní rí i.

“ṢÙGBỌ́N ILẸ̀ KÌ Í MÌ NÍ Ọ̀DỌ̀ WA”

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, a kò rí irú ti Kobe. Ṣùgbọ́n kí á má sọ pé ilẹ̀ kì í mì ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ó mì ní Accra ní ọjọ́ 22, oṣù kẹfà, ọdún 1939, ó wó ilé, ó sì pa ènìyàn, débi pé ìjọba ní láti kọ́ àwọn àdúgbò tuntun fún àwọn tí ó di aláìnílé. Ó mì ní orílẹ̀-èdè Gínì ní ọjọ́ 22, oṣù kejìlá, ọdún 1983, ó sì pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn. Ní Nàìjíríà, a gbọ́ ìmìtìtì ní Ìjẹ̀bú-Òde àti Ìbàdàn ní ọdún 1984, ní Kwoi ní ìpínlẹ̀ Kàdúná ní ọdún 2016, àti ní Mpape ní Àbújá ní ọdún 2018. Wọ́n kéré, a sì dúpẹ́.

Síbẹ̀, ìmìtìtì kọ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Ohunkóhun tí ó bá wọ ilé òṣìṣẹ́ ilé lójijì, ohun kan náà ni ó ń ṣe. Ìkún omi ọdún 2022 ní Nàìjíríà pa ènìyàn tí ó ju 600 lọ, ó sì lé ju mílíọ̀nù kan lọ kúrò nílé. Omi tí ó bá wọ yàrá wọ mọ́tò ẹ̀rọ tí ó wà nínú yàrá náà. Nígbà tí a pín ìrẹsì àti ibùsùn, ó dára. Ṣùgbọ́n ta ni ó bèèrè iye ẹ̀rọ ìránṣọ, iye jẹnẹrétọ̀, iye ẹ̀rọ ìlọta tí omi bà jẹ́? Ẹni tí a fún ní ìrẹsì yóò jẹ ẹ́ tán. Ẹni tí a tún ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe yóò ra ìrẹsì fúnra rẹ̀.

“Ọ̀GÁ ARA WỌN NI WỌ́N”

Àtakò kejì le ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí àárín wa ni ó ti ń wá. Àwọn kan sọ pé oníléètì tí ó ní ẹ̀rọ tirẹ̀ kì í ṣe òṣìṣẹ́, ọ̀gá ara rẹ̀ ni, kí ló kan ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ nínú ẹ̀rọ rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a wò ó dáadáa. Ẹni tí ó jẹ́ pé ẹlòmíràn ni ó sọ irú ohun tí yóò ṣe, tí ẹlòmíràn dá iye lé e, tí ó sì ń gba owó lórí ẹyọ, báwo ni ó ṣe jẹ́ ọ̀gá? Ẹ̀rọ tí ó ní kò sọ ọ́ di ọ̀gá. Ohun tí ó sọ fún wa ni pé agbanisíṣẹ́ ti gbé ẹrù ríra ẹ̀rọ, ẹrù títún un ṣe, àti ẹrù àdánù rẹ̀ kúrò lọ́rùn ara rẹ̀, ó sì dì í lé òṣìṣẹ́ lórí. Ní ọdún 1996, àpérò Àjọ Àgbáyé fún Ọ̀rọ̀ Iṣẹ́, tí a mọ̀ sí ILO, fi ẹnu kò lórí Àdéhùn 177 nípa iṣẹ́ inú ilé. Àdéhùn náà sọ pé ẹni tí ó ń ṣe iṣẹ́ nílé fún owó, ní ọ̀nà tí agbanisíṣẹ́ là sílẹ̀, òṣìṣẹ́ ilé ni, ẹni yòówù kí ó ni ẹ̀rọ àti ohun èlò, àyàfi ẹni tí ó bá dá dúró ní tòótọ́. Ó sì sọ pé irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti wà nínú ẹgbẹ́, àti ẹ̀tọ́ sí ààbò bíi ti àwọn yòókù.

Òfin tiwa ti ọdún 2010 lórí owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ dára ju èyí tí ó wà ṣáájú rẹ̀ lọ. Ó tọ́jú ẹni tí ó farapa lẹ́nu iṣẹ́, àti ìdílé ẹni tí iṣẹ́ pa. Ṣùgbọ́n ara ènìyàn ni ó ń wò. Bí ọwọ́ oníbàtà bá gé, òfin lè rí i, bí agbanisíṣẹ́ rẹ̀ bá san ohun tí ó yẹ. Bí ẹ̀rọ rẹ̀ bá jóná, òfin náà kò mọ̀ ọ́n. Fún oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ̀rọ náà sì jẹ́ ọwọ́.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A ṢE

Mo dábàá ohun márùn-ún fún gbogbo ẹ̀ka wa.

1. Kí a ka irinṣẹ́ wa nísinsìnyí. Kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan tí ń ṣiṣẹ́ nílé kọ orúkọ ẹ̀rọ rẹ̀, nọ́ńbà ara rẹ̀, ọdún tí ó rà á àti iye tí ó rà á, kí ó ya fọ́tò rẹ̀, kí ó sì fi ẹ̀dà kan sí ọwọ́ akọ̀wé ẹ̀ka. Ohun tí a kò kọ sílẹ̀, a kò lè bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lẹ́yìn àjálù.

2. Kí a de ẹ̀rọ mọ́lẹ̀. Bóòtì mẹ́rin nínú kọnkéré kò wọ́n tó ẹ̀rọ kan. Kí a fi ṣéènì so sílíńdà mọ́ ògiri lókè àti nísàlẹ̀. Kí ohun wúwo wà ní pẹpẹ ìsàlẹ̀. Kí a má ṣe tẹ́ ẹní ọmọ sí abẹ́ pẹpẹ irin tàbí sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ olórí wúwo. Kí gọ́ọ̀mù àti epo wà nínú agolo onídèérí, ní òde bí ó bá ṣeé ṣe. Bí a bá ń sá jáde, kí a pa súwíìṣì ńlá bí àyè bá wà. Bí a bá padà dé, kí a yẹ wáyà àti gáàsì wò kí a tó tan ohunkóhun.

3. Kí a dá àpò irinṣẹ́ sílẹ̀. A mọ èésú, a sì mọ alájẹṣẹ́kù. Kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan yà owó kékeré sọ́tọ̀ lóṣooṣù tí a kò ní fi ṣe ìnáwó, tí a kò sì ní yá ẹnikẹ́ni fún ayẹyẹ. Ẹ̀rọ tí àjálù bà jẹ́ nìkan ni a ó fi tún ṣe. Bí ẹ̀ka púpọ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè bá pa á pọ̀, àjálù kan kò lè kàn gbogbo wa lọ́jọ́ kan náà. Ìlú tí ó yè yóò gbé ìlú tí ó ṣubú dìde. Irú ọgbọ́n yìí ni àwọn òṣìṣẹ́ Jàpáànì fi dá Zenrosai sílẹ̀.

4. Kí a mọ aládùúgbò wa. Ní Kobe, ìṣirò fi hàn pé nínú nǹkan bí 35,000 ènìyàn tí ó há sábẹ́ àlàpà tí a yọ jáde, nǹkan bí 27,000 ni ó jẹ́ pé àwọn aládùúgbò ni ó yọ wọ́n, kí àwọn panápaná àti ológun tó dé. Jáàkì mọ́tò, ayùn àti ọ̀pá irin ni irinṣẹ́ ìgbàlà. Ta ni ó ní wọn bí kò ṣe àwa oníṣẹ́ ọwọ́? Kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan mọ ilé tí irinṣẹ́ wọ̀nyí wà, kí a sì mọ ẹni tí ń sùn ní yàrá wo.

5. Kí a bèèrè òfin. Kí àpapọ̀ ẹgbẹ́ wa gbé e síwájú àwọn aṣòfin pé nínú ètò ìrànwọ́ àjálù yòówù, ìjọba ìbílẹ̀, ti ìpínlẹ̀, tàbí ti àpapọ̀, kí a máa ka irinṣẹ́ iṣẹ́ mọ́ ohun tí a gbọ́dọ̀ san, kí ó má sì jẹ́ ẹ̀yáwó. Kí a má dúró di ìgbà tí òkú bá sùn kí a tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ Jàpáànì kó mílíọ̀nù 25 ìbuwọ́lùwé jọ lẹ́yìn tí iná ti jó Nagata tán. Kí tiwa ṣáájú iná.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí a gba àwọn òṣìṣẹ́ ilé wọlé. Ẹgbẹ́ tí ó bá ń ṣí ìlẹ̀kùn fún ẹni tí ó ní káàdì ilé-iṣẹ́ ńlá nìkan yóò máa kéré sí i lọ́dọọdún, nítorí àwọn agbanisíṣẹ́ ti mọ ọ̀nà láti gbé iṣẹ́ lọ sí ọ̀ọ̀dẹ̀ àti ẹ̀yìnkùlé. Ibi tí iṣẹ́ bá lọ ni ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ lọ. Obìnrin tí ń rán bàtà lórí ẹyọ ní Aba, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń lu irin ní Kàdúná, àti bàbá tí ń fi léètì àtijọ́ ṣe ẹ̀yà ẹ̀rọ ní Ìbàdàn, ẹlẹgbẹ́ wa ni gbogbo wọn.

A kò lè pàṣẹ fún ilẹ̀ kí ó má mì. Ṣùgbọ́n bóyá ẹni tí ilé rẹ̀ wó yóò tún dìde pẹ̀lú ẹ̀rọ rẹ̀, tàbí yóò di alágbàṣe lọ́dọ̀ ẹlòmíràn títí ayé rẹ̀, ọwọ́ ènìyàn ni ìyẹn wà. Ẹ jẹ́ kí ó wà ní ọwọ́ wa. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sí ìpàdé ẹ̀ka yín tí ń bọ̀, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ìkíní: ẹ ka irinṣẹ́ yín.

Ìṣọ̀kan ni agbára òṣìṣẹ́!